Bí a ṣe ń gbé ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì Golf wọ inú Suzuki Samurai

Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà oko Kwali tàbí Abaji ní agbègbè Abuja nígbà òjò mọ̀ pé Suzuki Samurai kì í bẹ̀rù ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù 1.3 tó bá a wá ti gbó nínú ọ̀pọ̀ èyí tó kù nílẹ̀. Dísẹ́ẹ̀lì 1.6 ti Golf 2 ni mo fẹ́ràn jù láti fi rọ́pò rẹ̀. Kò tóbi, kò ní kọ̀ǹpútà, wáyà kan ṣoṣo tó lọ sórí pọ́ǹpù dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ló sì ń jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tó bá ti dáhùn. Kì í sáré bíi bẹntiróòlù, ṣùgbọ́n ó ní ipá láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí ọkọ̀ oko sì nílò nìyẹn.

Ẹ má ra tòkunbọ̀ nítorí pé ó mọ́ lójú. Ẹ ní kí wọ́n wọn kọmpréṣàn, ìyẹn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fún pọ̀ tó nínú sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ tó sanwó. Èyí tí kò bá tó 28 bar ti jẹ tán. Mítà tí wọ́n fi ń wọn kọmpréṣàn ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù kò lè ka iye yìí. Kí ẹ sì wò ó bóyá vacuum pump, pọ́ǹpù tó ń fa afẹ́fẹ́ fún búréèkì, ṣì wà lára rẹ̀, nítorí pé ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kì í fa afẹ́fẹ́ tó lè ran búréèkì lọ́wọ́. Bí kò bá sí, búréèkì yóò le bí òkúta lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ẹ gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì lọ yí nọ́ńbà náà padà nínú ìwé ọkọ̀ kí àwọn VIO, aláyẹ̀wò ọkọ̀ ìjọba, tó dá yín dúró.

Ibi tí ẹ́ńjìnnì ti pàdé gíà ni iṣẹ́ wà gan-an. Ojú bóòtì Golf kò bá ti Suzuki mu, nítorí náà awo irin tó nípọn ni yóò so wọ́n pọ̀. Lórí èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe ní Apo, ní Abuja, páálí la fi ya ojú bóòtì náà. Gbogbo bóòtì wọlé, inú wa dùn, ọkọ̀ jáde. Kò pé oṣù mẹ́ta tí gíà bẹ̀rẹ̀ sí í hu; nígbà tí a tú u, eyín àárín awo kílọ́ọ̀ṣì ti jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bọ́ọ̀rìn iwájú gíà sì ti jó dúdú, nítorí pé àárín ẹ́ńjìnnì àti àárín gíà kò sí lójú kan náà.

Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì àti gíà lọ bá tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin. Kí ó de dial gauge, mítà alábẹ́rẹ́ tó ń fi ìyàtọ̀ kékeré hàn, mọ́ flywheel, kẹ̀kẹ́ irin tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, kí ó máa fi ọwọ́ yí i, kí ẹnu gauge sì máa fi ara nu ihò tí gíà ń jókòó sí lára awo irin náà. Bí abẹ́rẹ́ bá ń rìn, ẹ sún awo náà títí yóò fi dúró, lẹ́yìn náà kí ó lu ihò pínnì méjì tí kò ní jẹ́ kó yẹ̀ mọ́. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ́ búṣì sí ìdí crankshaft, ọ̀pá tí pístìnì ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, pẹ̀lú, kí ṣóńṣó ọ̀pá gíà lè rí ibi jókòó. Ọwọ́ lásán ni kí gíà fi wọlé títí yóò fi fẹnu kan awo. Bó bá jẹ́ bóòtì lẹ fi ń fà á mọ́ra, ẹ dúró, àṣìṣe wà níbẹ̀.

Ẹ fi timing belt, bẹ́líìtì tó ń mú kí fáàfù bá pístìnì rìn, tuntun sí i kí ẹ́ńjìnnì tó wọlé, nítorí pé bó bá já, pístìnì yóò lu fáàfù. Kí wẹ́dà tó jó ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ẹ rí i pé ìdí ẹ́ńjìnnì kò ní kan axle iwájú nígbà tí ọkọ̀ bá bọ́ sí kòtò. Ẹ fọ bẹntiróòlù kúrò nínú táǹkì. Páìpù méjì ti wà nílẹ̀: ọ̀kan yóò gbé dísẹ́ẹ̀lì wá, èkejì yóò dá èyí tó ṣẹ́kù padà. Ẹnu fílítà afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ ga, nítorí eruku ọyẹ́ níbí kì í ṣe kékeré.

Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́ lọ sí oko, ẹ tún fún gbogbo bóòtì awo irin àti ti ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì, nítorí pé dísẹ́ẹ̀lì ń gbọ̀n ju bẹntiróòlù lọ.