Irin sitéńlẹ́ẹ̀sì wo la fi ń ṣe ọ̀bẹ tí oníbàárà ò ní dá padà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fọwọ́ ṣe ọ̀bẹ tà. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń bi mí pé irin sitéńlẹ́ẹ̀sì wo ló dáa jù, èmi náà á sì bi wọ́n padà pé ta ló fẹ́ lò ó, kí ló fẹ́ fi gé, kí ló sì máa fi pọ́n ọn tó bá kújú? Ìyá olóúnjẹ tó ń gé àlùbọ́sà àti ẹran láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ìdí abọ́ tánńganran ló máa fi pọ́n ọn, tàbí etí àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì, tàbí kó dúró de àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ ìpọ́nbẹ kiri àdúgbò. Tẹ́ ẹ bá ta irin tí àwọn nǹkan yìí ò lè pọ́n fún un, tó bá ti kújú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó di ohun tó ń sùn nínú dúrọ́ọ̀ nìyẹn, kò sì ní ra òmíì lọ́wọ́ yín mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó jẹ mí níyà. Ọ̀bẹ mẹ́jọ àkọ́kọ́ tí mo tà, obìnrin kan tó ń se oúnjẹ òde ló rà á. Mo ti lọ ra páálí irin kan tó ń dán gbinrin, ẹni tó tà á fún mi ní sitéńlẹ́ẹ̀sì ni, kò sì purọ́, àmọ́ 304 ni, ìyẹn irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò àti sínkì. Krómíọ̀mù, èyí tó ń gbógun ti ìpẹtà, bíi pàsẹ́ǹtì 18 ló wà nínú ẹ̀, níkẹ́ẹ̀lì bíi 8, kábọ́ọ̀nù ò tiẹ̀ tó 0.1. Bẹ́ẹ̀ kábọ́ọ̀nù yẹn ló ń jẹ́ kí irin le tá a bá ti inú iná yọ ọ́ tá a sì mú kó tutù kíákíá. Èmi ò mọ̀, mo yan án títí ó pọ́n rẹ̀dẹ̀rẹ̀dẹ̀, mo rì í sínú òróró, mo pọ́n ọn, ó mú lóòótọ́, àmọ́ kí àlùbọ́sà àpò kan tó tán ẹnu ẹ̀ ti tẹ̀. Mo dá owó gbogbo ẹ̀ padà fún obìnrin náà. Ó ṣì ń dùn mí.

Torí náà kẹ́ ẹ tó ra irin, ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì dání. 304 kì í fà mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì, tó bá tiẹ̀ fà, á rọra fà ni, ẹ fi sílẹ̀. Àmọ́ ẹ má rò pé gbogbo èyí tó bá fà ló dáa o, torí 430, irú sitéńlẹ́ẹ̀sì míì, máa ń fà dáadáa, òun náà ò sì lè le láéláé. Mágínẹ́ẹ̀tì á sọ èyí tẹ́ ẹ máa kọ̀ fún yín, kò lè sọ èyí tẹ́ ẹ máa rà. Ìwé ẹ̀rí tó bá irin wá láti ilé iṣẹ́ tó yọ́ ọ ni kẹ́ ẹ béèrè, kẹ́ ẹ wo iye kábọ́ọ̀nù àti krómíọ̀mù tó wà nínú ẹ̀. Fún ọ̀bẹ, èmi ò kì í ra èyí tí kábọ́ọ̀nù ẹ̀ kéré sí 0.45, tí krómíọ̀mù ẹ̀ kéré sí 13. Tí ò bá sí ìwé, ẹ ra èkékeré, ẹ gé díẹ̀ nínú ẹ̀, ẹ fi iná sí i bó ṣe yẹ, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi fáìlì tí wọ́n fi ń ha irin ha á: tí fáìlì bá ń yọ̀ lórí ẹ̀ bíi pé orí gíláàsì ló wà, ó ti le, tó bá ń jẹ ẹ́, ẹ wá òmíì.

Ohun kan tún wà tó máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. Ẹlòmíì á rí krómíọ̀mù tó pọ̀ lórí ìwé, á ní èyí ò ní dípẹtà. Kábọ́ọ̀nù a máa já krómíọ̀mù gbà, àwọn méjèèjì á wá di horo líle kéékèèké nínú irin, èyí tó bá ṣẹ́ kù lómìnira nìkan ló ń bá ìpẹtà jà. D2, irin kan tí wọ́n fi ń ṣe irinṣẹ́, ló jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n, krómíọ̀mù ẹ̀ tó bíi 12, àmọ́ kábọ́ọ̀nù ẹ̀ tó 1.5, àwọn kan ń tà á bíi sitéńlẹ́ẹ̀sì, ẹ fi omi tòmátò sílẹ̀ lórí ẹ̀ dàárọ̀ kẹ́ ẹ wá wò ó.

Ó yá, ká dárúkọ wọn. 1.4116 ti Jámánì, tí wọ́n tún ń pè ní X50CrMoV15, kábọ́ọ̀nù bíi 0.5, krómíọ̀mù bíi 15, òun ló wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ ìdáná Jámánì. Kì í pẹ́ kó tó kújú, àmọ́ ìdí abọ́ lè pọ́n ọn, ẹnu ẹ̀ kì í sì í kán, fún ìyá olóúnjẹ ó dáa gan-an. 420HC ò jìnnà sí i. 440C ní kábọ́ọ̀nù tó bíi 1, krómíọ̀mù 16 sí 18, ó ń pẹ́ kó tó kújú, àmọ́ àwọn horo inú ẹ̀ tóbi, tẹ́ ẹ bá lọ ẹnu ẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ẹnì kan wá fi gún eegun, ó lè kán.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni AEB-L àti 14C28N, Sweden ni àwọn méjèèjì ti wá. Torí abẹ ìfárùngbọ̀n ni wọ́n ṣe ṣe AEB-L, kábọ́ọ̀nù ẹ̀ bíi 0.67, krómíọ̀mù 13, inú ẹ̀ kúnná gan-an, ó sì yi, ìyẹn ni pé kì í tètè kán. 14C28N fẹ́ jọ ọ́, àmọ́ wọ́n fi náítírójìn díẹ̀ sí i, ó wá ń kọ ìpẹtà jù ú lọ, kódà ó ju 440C lọ bí krómíọ̀mù 440C ṣe pọ̀ tó yẹn. Irin tó le nìkan ò tó, ó gbọ́dọ̀ yi pẹ̀lú, àwọn méjì yìí ní méjèèjì. Tó bá jẹ́ àwọn bíi S35VN àti MagnaCut, èyí tí Larrin Thomas, onímọ̀ nípa irin, gbé jáde lọ́dún 2021, wọ́n dáa púpọ̀, àmọ́ wọ́n wọ́n, wọ́n sì ń jẹ bẹ́líìtì gíráńdà. Ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹnu ara ẹ̀ dárúkọ wọn.

Wàyí o, iná. Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Lọ́dún 1913 tí Harry Brearley, onímọ̀ nípa irin, yọ́ irin tí kì í dípẹtà nílùú Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn alágbẹ̀dẹ tó kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀ pariwo pé kò ṣeé ṣe lọ́bẹ, wọ́n ń pe Brearley ní ẹni tó ṣe ọ̀bẹ tí kì í gé nǹkan. Bẹ́ẹ̀ iná tí wọ́n mọ̀ fún irin àtijọ́ ni wọ́n fi yan án. Àwa náà ń ṣe irú àṣìṣe yẹn. Tó bá jẹ́ sípíríǹgì mọ́tò, èédú àti ẹwìrì ti tó o, bíi dígírì 830 sí 850, ojú alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ lè mọ̀ ọ́n, ẹ rì í sínú òróró, ó parí. Àmọ́ AEB-L ń fẹ́ bíi 1,065, kó sì dúró síbẹ̀ bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láì gòkè láì sọ̀ kalẹ̀, kò sí ojú tó lè wọn ìyẹn. Ófùn oníná tó ń ka dígírì ló lè ṣe é. Ẹ ó fi fọ́ìlì sitéńlẹ́ẹ̀sì wé ọ̀bẹ pa kí afẹ́fẹ́ má bàa jẹ ara ẹ̀, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ kẹ́ ẹ fún un sáàárín páálí alumíníọ̀mù méjì tó nípọn títí ọwọ́ á fi lè gbá a mú, kó wọ inú yìnyín gbígbẹ (dry ice) tàbí ó kéré tán fríìsà, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ dá a padà síná bíi 175 fún wákàtí méjì, kó tutù, kẹ́ ẹ tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Tí iná NEPA bá lọ láàárín, ẹ ti jẹ́nẹ́rétọ̀ sílẹ̀, tí ò bá sí, ẹ má bẹ̀rẹ̀ rárá.

Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara ẹ̀. Tẹ́ ẹ ò bá ní ófùn, ẹ gbé e fún àwọn tó ń yan irin mọ́ọ̀dì fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Àmọ́ ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé: orúkọ irin, dígírì, iye ìṣẹ́jú, àti líle tẹ́ ẹ fẹ́ lórí ẹ̀rọ Rockwell, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wọn bí irin ṣe le tó, 60 sí 61 fún AEB-L, 56 fún 1.4116. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé tèmi jáde mi ò kọ nǹkan kan, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ irin ẹlòmíì, 52 ló bá dé, ó rọ̀ jù.

Nípọn mílímítà 2 sí 2.5 tó fún ọ̀bẹ ìdáná. Àdá alápatà, èmi ò kì í fi sitéńlẹ́ẹ̀sì ṣe é, sípíríǹgì ni mo fi ń ṣe é, mo sì máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n máa fi òróró pa á. Tẹ́ ẹ bá ń lọ ẹnu ọ̀bẹ lẹ́yìn tó ti le, ẹ má wọ gílọ́ọ̀fù, kí ọwọ́ yín lè máa gbọ́ ooru, ẹ máa rì í sómi léraléra, torí tí ibì kan bá ti di búlúù, ibẹ̀ ti kú. Ẹ bo imú yín pẹ̀lú ohun tó jọjú, eruku krómíọ̀mù ò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró. Kẹ́ ẹ sì dán ara ẹ̀ dáadáa, ojú ibi tí sándà ha gbàgàdà ni omi iyọ̀ máa ń sá sí.

Ẹ sọ òótọ́ fún oníbàárà: tó bá rẹ ọ̀bẹ sínú bílíìṣì tàbí omi iyọ̀ dàárọ̀, ó máa lu kéékèèké. Mo máa ń kọ ọ́ sínú ìwé pélébé tó bá ọ̀bẹ lọ.

Kí n tó ṣe mẹ́wàá, mo máa ń gbé ẹyọ kan fún olóúnjẹ kan kó fi ṣiṣẹ́ oṣù kan láì sanwó, tó bá dá a padà màá fi gíláàsì amúnǹkan-tóbi wo ẹnu ẹ̀. Tó bá kán gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, màá fi bíi dígírì 15 kún iná tó kẹ́yìn, tó bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, màá ṣe òmíì tí mo máa dín iná yẹn kù fún tàbí kí n jẹ́ kí ẹnu ẹ̀ nípọn díẹ̀ sí i, màá wá tún un gbé fún un.