Bí a ṣe ń dé òpin Super Mario Bros., láti ayé kìíní dé ìkẹjọ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ju mànẹ́ẹ̀tì, ohun tí a fi ń tẹ géèmù, sórí ẹní, ó ní, "Bàbá Kékeré, irọ́ ni géèmù yìí ń pa. Mo tẹ̀ ẹ́, kò fò." Mo ní kó tún un ṣe kí n máa wo àtàńpàkò rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Mario, ẹni tí à ń darí nínú géèmù náà, ti kúrò lórí ilẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́. Géèmù yìí le, àmọ́ kì í rẹ́ni jẹ. Ibi tí ahun ti yọ lánàá, ibẹ̀ náà ni yóò ti yọ lónìí. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ láti kékeré ní Kétu níbí nìyẹn.

Ọdún 1985 ló jáde ní Japan. Shigeru Miyamoto àti Takashi Tezuka ló ṣètò rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ géèmù Nintendo. Ayé 8 ló ní, ìpele 4 sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìpele 32, gbogbo rẹ̀ kò sì ju kílóbáìtì 40 lọ. Fọ́tò kan ṣoṣo nínú fóònù yín wúwo jù ú lọ fíìfíì. Nǹkan tó kéré tó báyìí, bí kò bá le, ọjọ́ kan la ó fi jẹ ẹ́ tán. Àwọn tó ṣe é sì ti mọ̀ ọ́n lára láti ìgbà ẹ̀rọ géèmù tí wọ́n ń ju owó sí, irú Donkey Kong ti ọdún 1981 níbi tí Mario ti kọ́kọ́ yọjú: bí ẹ̀mí bá tètè tán, owó mìíràn á wọlé.

Ọwọ́ ni ká kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ gbé orí àtàńpàkò ọ̀tún lé bọ́tìnnì B, kí oríkèé rẹ̀ sùn lé A. B ni eré sísá, A ni fífò. Ẹ má gbé ọwọ́ kúrò lórí B rárá. Bí ẹ bá nílò àtifò, ẹ kàn fi oríkèé tẹ A. Bí ẹ bá tẹ A, kí ẹ fi sílẹ̀ kíá, Mario á fò díẹ̀. Bí ẹ bá dì í mú, á ga. Bó bá ti ń sáré bọ̀, á tún ga jù bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ìrọ̀lẹ́ kan gbáko ṣe ìyẹn nìkan. Ojú fóònù kò dára fún un, nítorí ìka kì í mọ ibi tí bọ́tìnnì wà lórí gíláàsì. Ẹ wá mànẹ́ẹ̀tì, ìbáà jẹ́ àlòkù.

Lẹ́yìn náà, ẹ fara balẹ̀ rin ìpele 1-1, ìyẹn ìpele kìíní nínú ayé kìíní, ẹ má sáré. Goomba kan, ọ̀tá kékeré tó dà bí olú, á máa bọ̀ wá bá yín láti ọwọ́ ọ̀tún. Bí ẹ bá dúró, á pa yín. Bí ẹ bá fò, ó ṣeé ṣe kí ẹ já lé e lórí, ẹ ó sì rí i pé ó kú. Ẹ fi orí kan àpótí tó ní àmì ìbéèrè: olú á jáde, á yí lọ sí ọ̀tún, á já bọ́ sílẹ̀, á kọlu páìpù, á sì padà wá bá yín. Ẹni tí olú ń bà lẹ́rù gan-an kò ní ríbi sá gbà, ara rẹ̀ á sì tóbi lójijì. Kò sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ kan fún yín, síbẹ̀ ẹ ti mọ ọ̀tá, ẹ ti mọ ọ̀rẹ́. N kò tíì rí olùkọ́ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tí ẹ bá ń kú sójú kan náà, ẹ má fi ìbínú tún un gbá. Ẹ ka iye ìṣísẹ̀. Ẹni tó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, á yé e: oníjó ti mọ ibi tí ìlù máa já sí kó tó já, ṣaworo ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ìlù á sì jọ dákẹ́ pa pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kòtò inú géèmù yìí ṣe rí. Ẹ sọ ọ́ jáde lẹ́nu, "sáré, sáré, fò," títí ọwọ́ á fi gbọ́.

Ẹ̀mí 3 lẹ fi ń bẹ̀rẹ̀, owó wúrà 100 sì ń fún yín ní ọ̀kan sí i. Ní òpin 3-1, ahun méjì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹ fò lé ìkejì lórí kí ìkarahun rẹ̀ máa kọlu àtẹ̀gùn, kó sì máa padà sábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ẹ̀mí á máa wọlé. Ẹ dúró kó tó tó 100, torí bó bá pọ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ lè kà, ìṣubú kan péré á parí géèmù. Bí gbogbo ẹ̀mí bá tán, ẹ di A mú kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì Start, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ nínú ayé tí ẹ kú sí. Ọ̀nà àbùjá wà lókè òrùlé 1-2, ṣùgbọ́n ẹ má gbà á lákọ̀ọ́kọ́, ẹ ó kàn dé ibi tó le pẹ̀lú ọwọ́ tí kò mọ nǹkan kan.

Ayé kẹjọ ni ìjà wà. Bí ẹ bá kú níbẹ̀, ẹ ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìpele, kò sí ìdajì ọ̀nà. Àkókò 300 ni wọ́n fún yín ní 8-1, bí ìṣẹ́jú 2 péré, ọ̀nà sì gùn, nítorí náà ẹ má dúró ṣa owó. Ní 8-3, àwọn ahun tó ń ju òòlù wà ní méjì-méjì. Ẹ má dúró lókèèrè máa wò wọ́n, wọ́n á wá bá yín. Ẹ sún mọ́ wọn, kí ẹ sì sáré gba abẹ́ èyí tó bá fò. Ní 8-4, páìpù tí kò bá tọ́ á dá yín padà sẹ́yìn, ẹ kọ èyí tó tọ́ sínú ìwé. Níwájú Bowser, ọ̀gá àwọn ọ̀tá, bọ́ọ̀lù iná márùn-ún láti ara òdòdó iná á pa á, tàbí kí ẹ gba abẹ́ rẹ̀ lọ sídìí àáké tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ wá bátìrì so mọ́ ẹ̀rọ o. Géèmù yìí kì í tọ́jú nǹkan kan, ọgbọ́n A àti Start kò sì ṣiṣẹ́ bí ẹ̀rọ bá ti kú. Ní Sátidé, ọmọ náà dé 8-3 fún ìgbà àkọ́kọ́, iná sì lọ. Mo rò pé á sunkún. Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì, àtàńpàkò rẹ̀ ṣì ń lọ ń bọ̀ lórí orúnkún rẹ̀, ó ń ka òòlù.