Ẹ Fọ Ẹ̀fọ́ Kí Ẹ Tó Gé E: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Ilé àti fún Àgbẹ̀ Ẹlẹ́fọ̀ọ́

Ìwé kékeré yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà Bódìjà, Ọjà Ọba àti àwọn ọjà ọrún-ọrún tó yí Ìbàdàn ká, àti fún ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń kó ewébẹ̀ wọ̀lú. A ò ní kọ́ ìyàwó ilé bí wọ́n ṣe ń dáná, a ò sì ní kọ́ àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ebè. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ohun tí ojú wa ń rí láti ilé dé ilé lásìkò òjò ló mú ìwé yìí wá: ẹ̀fọ́ tó dáa ni wọ́n rà, owó gidi ni wọ́n san, àmọ́ kó tó dénú àwo, omi ti gba èyí tó pọ̀ nínú oore rẹ̀ lọ, yanrìn ló wá kù sí ìdí ọbẹ̀. Àwọn ọmọ ń jẹ ẹ̀fọ́ lójoojúmọ́, inú rírun ò sì tán láàárín wọn.

Àṣìṣe kan ló wà nídìí rẹ̀. Àwọn èèyàn ń gé ẹ̀fọ́ kí wọ́n tó fọ̀ ọ́.

A ti sọ ọ́ ní ìpàdé ẹgbẹ́ ìyá, a ti sọ ọ́ níbi tí àwọn aboyún ti ń gba ìtọ́jú. Ẹni tó gbọ́ á mi orí, á délé, á gbé pákó àti ọ̀bẹ, á rẹ́ ẹ̀fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, á sì wá dà á sínú omi. Ẹ wo omi náà dáadáa lọ́jọ́ mìíràn. Ó máa ń di àwọ̀ ewé. Ìdọ̀tí kọ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, omi ara ẹ̀fọ́ ni. Fítámì C àti fólétì, tí aboyún ò gbọdọ̀ ṣaláìní, máa ń yọ́ sínú omi, ojú ibi tí ọ̀bẹ bá gbà ni wọ́n sì ń gbà jáde. Bí ẹ bá ṣe rẹ́ ẹ kéré tó ni wọ́n ṣe máa jáde tó. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀pọ̀ á tún bọ̀ ọ́, wọ́n á fún un, wọ́n á da omi nù lẹ́ẹ̀kejì. Pàǹtí ló kù tí wọ́n ń fi epo rò.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Ẹ já ewé kúrò lára igi rẹ̀ ní odidi. Èyí tó ti pọ́n, èyí tó ti rà àti koríko tó bá a wá, ẹ jù wọ́n nù. Ẹ bu omi lítà 4 sínú abọ́ fífẹ̀, ẹ fi iyọ̀ ṣíbí ìjẹun 1 sí i, ẹ kó ewé sí i kó rì, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5. Torí kòkòrò àti ìdin ni iyọ̀ náà ṣe wà níbẹ̀. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewé á rọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì kó ewé jáde sínú abọ́ mìíràn tó ní omi mímọ́.

Ẹ kó o jáde ni a wí. Ẹ má ṣe dojú abọ́ kọ ajere. Nígbà tí ewé ń léfòó, yanrìn ti jókòó sí ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ajere, orí ewé náà ni yanrìn á tún padà sí, gbogbo fífọ̀ yẹn á sì di asán. Omi 3 ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, ó kéré tán. Lẹ́yìn omi kẹta, ẹ fi ìka ra ìdí abọ́. Bí ọwọ́ yín bá ṣì ń ba yanrìn, ẹ pọn omi kẹrin. Gbúre, àti ẹ̀fọ́ kẹ́fọ̀ọ́ tí òjò ńlá ta ẹrẹ̀ sí lára kí wọ́n tó já a, kì í sábà mọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ jẹ́ kí omi rẹ̀ ro nínú ajere fún ìṣẹ́jú 10. Ó di ìgbà tí ata bá ti dín tán lórí iná kí ẹ tó mú ọ̀bẹ. Kí gígé rẹ̀ fẹ̀ tó ìka méjì. Ẹ̀fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kò dùn ju ẹ̀fọ́ fífẹ̀ lọ, ojú lásán ló wù.

Àwọn kan máa ń sọ pé ṣọkọ ò ṣe é sè láìbọ̀ nítorí omi dúdú rẹ̀. Ó dáa, ẹ bọ̀ ọ́, àmọ́ kó jẹ́ odidi ewé. Ẹ jẹ́ kí omi lítà 2 hó, ẹ da ewé sí i fún ìṣẹ́jú 2, ẹ sẹ́ ẹ sínú ajere, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí ẹ tó gé e. Ẹ má fi kán-ún sí i. Kán-ún á jẹ́ kó máa tutù yọ̀yọ̀ lójú, àmọ́ ó ń pa fítámì C. Ewúro nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ sí fífọ̀ lẹ́yìn gígé, torí kíkorò rẹ̀. Òun náà, ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ ní odidi kí yanrìn lọ, kí ẹ tó gé e, kí ẹ wá fi iyọ̀ ṣíbí ìjẹun 1 àti omi ife 2 bọ́ ọ láàárín ọwọ́. Ẹ jẹ́ kó ṣì korò díẹ̀. Ewúro tí kò korò mọ́ rárá ti di koríko.

Lójú ọjà

Nítorí ohun tí a ti sọ yìí, ẹ má ra ẹ̀fọ́ tí wọ́n ti gé sínú ọ̀rá. A mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀, a sì mọ̀ pé ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ò fẹ́ já ẹ̀fọ́. Síbẹ̀, ẹ ò mọ omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́, ẹ ò sì mọ ìgbà tí wọ́n gé e. Ẹ fọwọ́ kan ọ̀rá náà: á ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, omi á ti ṣẹ́ sí i nínú. Owó tí wọ́n fi lé e nítorí gígé, ẹ fi ra ìdì kan sí i.

Ọjọ́ ọjà gan-an ni kí ẹ lọ, kí ó má jẹ́ ọjọ́ kejì rẹ̀, kí ẹ sì débẹ̀ kí aago mẹ́jọ tó lù. Ẹ kí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́, "Ẹ kú ọjà o, ajé á wọ igbá," kí ẹ tó bi í léèrè ìgbà tí wọ́n já èyí tó wà lórí àtẹ. Gbogbo wọn ló máa ní àárọ̀ yìí ni. Ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ mú ìdì kan, kí ẹ wo ojú ibi tí ọ̀bẹ ti gé igi rẹ̀. Bó bá ṣì tutù, tí àwọ̀ rẹ̀ ò yàtọ̀ sí ara igi yòókù, òótọ́ ni wọ́n sọ. Bó bá ti gbẹ, tó ti di àwọ̀ ilẹ̀, ó ti sùn. Ẹ wá ki ìka méjì bọ àárín ìdì náà, níbi tí okùn dì sí. Bó bá gbóná níbẹ̀, ó ti ń jẹrà láti inú, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ń dán lóde. Omi tí wọ́n ń wọ́n sí i láti àárọ̀ ló ń mú un dán. Ẹ ṣẹ́ igi kan: èyí tó tutù á ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, èyí tó ti pẹ́ á kàn tẹ̀. Ṣọkọ tó ti ń yọ òdòdó ti gbó, ẹ fi í sílẹ̀. Ihò kéékèèké lára ewé kò burú. Ewé tí kò ní ihò kankan láàárín òjò ni kí ẹ béèrè ohun tí wọ́n fín sí i.

Ní ti ìwọ̀n, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà jẹ ewébẹ̀ àti èso tó gírámù 400 ó kéré tán lójoojúmọ́. Iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀dùnkún kò sí nínú rẹ̀. Ilé tó ní àgbàlagbà 6 nílò bíi kílò 2.4 lóòjọ́. Ṣíbí ẹ̀fọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkèlè ẹ̀bà kò tó nǹkan.

Ohun tó bá wà ní àsìkò ni kí ẹ rà, òun ló tutù jù, òun ló sì rọjú jù. Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ewédú àti ilá ló ń kún ọjà. Ẹ̀bọ̀lọ̀ máa ń hù fúnra rẹ̀ lóko lásìkò òjò, ẹ má sì fojú rénà rẹ̀ nítorí òórùn rẹ̀. Àgbàdo tútù ń dé ní oṣù kẹfà. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ̀fọ́ àkùrọ̀ ló kù, owó rẹ̀ á gun òkè, àmọ́ àgbálùmọ̀ á wà, máńgòrò á sì tẹ̀ lé e láti oṣù kẹta.

Tòmátì ni ẹ̀yin èèyàn ń fi ìyà jẹ ara yín lé lórí. Oṣù kìíní sí oṣù kẹta ló máa ń pọ̀, nígbà tí èyí tí wọ́n fomi rin ní Kánò àti Kàdúná bá ń wọlé. Tó bá di oṣù karùn-ún sí ìkeje, ó di ohun ọ̀wọ́n. Ní 2016, kòkòrò Tuta absoluta jẹ oko tòmátì ní Kàdúná débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde ọ̀rọ̀ pàjáwìrì. Ní oṣù kejì 2021, lẹ́yìn ìjà ọjà Ṣáṣá, ọkọ̀ oúnjẹ láti òkè Ọya dáwọ́ dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Ìgbà méjèèjì ni ilé ń sáré kiri bí ẹni pé iná ò lè jó láìsí tòmátì. Ẹ̀fọ́ rírò ò fẹ́ tòmátì. Omi ló ń fi kún un, ó sì ń mú un kan.

Ẹ̀fọ́ rírò fún ẹni 6

Ewé tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ kílò 1 lẹ́yìn jíjá, tàtàṣé 4, ata rodo 4, àlùbọ́sà ńlá 2, irú wooro ṣíbí ìjẹun 3, epo pupa ṣíbí ìjẹun 8, ẹja gbígbẹ 2, edé gbígbẹ ìkúnwọ́ 1, iyọ̀ ṣíbí tíì 1.

Ẹ lọ ata pẹ̀lú àlùbọ́sà 1, kí ó má kúnná. Ẹ sè é títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, ìṣẹ́jú 10. Ẹ gbé epo kaná fún ìṣẹ́jú 3, ẹ má jẹ́ kó funfun. Ẹ da àlùbọ́sà kejì àti irú sí i, ìṣẹ́jú 2. Ẹ da ata sí i, ìṣẹ́jú 8. Ẹja, edé àti iyọ̀ tẹ̀ lé e, ìṣẹ́jú 5. Ẹ tọ́ ọ wò báyìí, torí lẹ́yìn tí ẹ̀fọ́ bá wọ̀ ọ́, kò sí àyè àtúnṣe mọ́. Ìgbà yìí ni kí ẹ gé ẹ̀fọ́, kí ẹ dà á sí i, kí ẹ rò ó pọ̀. Tẹ̀tẹ̀, ìṣẹ́jú 3. Ṣọkọ tí ẹ ti bọ̀, ìṣẹ́jú 2. Ẹ má dé ìkòkò, ẹ má bu omi sí i, kí ẹ sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ gbúre ni ẹ pò mọ́ ọn, gbúre ni kó kọ́kọ́ wọlé, kí omi ara rẹ̀ gbẹ kí èyí tó kù tó wọlé. Ẹ má yọ epo pupa kúrò. Òun ló ń jẹ́ kí ara rí fítámì A inú ẹ̀fọ́ lò.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa

Gbogbo fífọ̀ tí a sọ wọ̀nyí ò lè wẹ ohun tí ẹ bá fi sí i lóko. Ẹ já ẹ̀fọ́ láàárín aago mẹ́fà sí mẹ́jọ àárọ̀, tàbí lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Inú agbọ̀n tí ẹ tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ni kí ẹ kó o sí. Àpò tí ẹ so lẹ́nu ló ń sọ àárín ìdì di gbígbóná kí ó tó dé ọjà.

Ìgbẹ́ adìyẹ tútù kò gbọdọ̀ kan ẹ̀fọ́ tó ti hù. Ẹ kó o jọ, ẹ bò ó, títí òórùn rẹ̀ á fi lọ tí àárín rẹ̀ ò ní gbóná mọ́, kí ẹ tó pò ó mọ́ ilẹ̀ ṣáájú gbíngbìn.

Oògùn kòkòrò: iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá láàárín fífín àti jíjá wà lára ìgò. Bí ẹ ò bá lè kà á, ẹ fún ọmọ iléèwé kó kà á fún yín. Àwọn kan wà tó ń fín lónìí tí wọ́n ń já lọ́la, tí wọ́n sì ní oko tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹnu ara wọn. Ìwà ìkà nìyẹn, iyọ̀ ṣíbí kan nínú omi kò sì lè yọ ọ́ kúrò.

Omi gọ́tà ńkọ́? A ti rí i tí wọ́n ń ri ìdì ẹ̀fọ́ bọ inú gọ́tà ẹ̀yìn ọjà kó lè tutù lórí àtẹ. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi mímọ́ lítà 25 kan dání láti ilé, ó tó wọ́n títí ọjà á fi tú. Bí ẹ bá fẹ́ mọ irúgbìn tó yẹ ilẹ̀ yín, NIHORT, iléeṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn ti ìjọba àpapọ̀, wà ní Ìdí-Ìṣìn níbí láti 1975, iṣẹ́ wọn ni èso àti ewébẹ̀. Ẹ lọ bi wọ́n.

Títọ́jú

Ẹ má fọ ẹ̀fọ́ tí ẹ ò ní sè lọ́jọ́ náà. Láìsí fíríìjì, ẹ tú okùn rẹ̀, ẹ gbé ìdí igi rẹ̀ dúró sínú omi tó jìn tó ìka méjì, ní ibi tí oòrùn ò dé; á di ọ̀la. Bí iná bá wà, ẹ fi ìwé ìròyìn gbígbẹ wé e, kí ẹ tó fi ọ̀rá tí ẹ ò so lẹ́nu bò ó, kí ẹ sì gbé e sínú fíríìjì, á lo ọjọ́ 3. Bí iná bá ń lọ tó ń bọ̀ ládùúgbò yín, ẹ ra ti ọjọ́ 2 péré. Ẹ̀fọ́ sísè tó bá ṣẹ́kù lálẹ́, ìwọ̀nba tí ẹ máa jẹ ni kí ẹ bù gbóná ní àárọ̀, kí ẹ má gbé gbogbo ìkòkò padà sórí iná.