Ẹyin Àrọ̀ Kò Gbọdọ̀ Rí Omi Kó Tó Rí Àtọ̀

Bí ẹyin àrọ̀ bá funfun báláú lọ́jọ́ kejì, abẹ́rẹ́ họ́mọ̀nù (oògùn tí wọ́n ń gún abo kó lè tú ẹyin sílẹ̀) ni ọ̀pọ̀ olùsìn ẹja máa ń kọ́kọ́ bú. Ẹ yẹ abọ́ tí ẹ fún ẹyin sí wò ná. Ẹni tó bá ń pa ọmọ ẹja fún títà ní fish farm estate Odógunyàn, ní Ìkòròdú, kò gbọdọ̀ fojú kéré omi díẹ̀ tó ṣẹ́ kù sí ìsàlẹ̀ abọ́. Ìdí rẹ̀ wà nínú bí Ọlọ́run ṣe dá ẹyin àti àtọ̀ fúnra wọn.

Sẹ́ẹ̀lì ara àrọ̀ ní kúrómósómù (okùn tíntín tó gbé àbùdá) 56: 28 láti ọ̀dọ̀ bàbá, 28 láti ọ̀dọ̀ ìyá. Sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ di ẹyin tàbí àtọ̀ máa ń pín ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń ṣe ẹ̀dà kúrómósómù rẹ̀, ló fi ń ku 28. Lára akọ, sẹ́ẹ̀lì kan á di àtọ̀ mẹ́rin. Lára abo, ọ̀kan ṣoṣo ló ń gba gbogbo oúnjẹ, àwọn yòókù á rọ dànù. Ẹyin ní oúnjẹ nínú, ṣùgbọ́n kò lè rìn. Àtọ̀ kò ju orí àti ìrù lọ, kò gbé oúnjẹ dání. Nínú ikùn akọ, ńṣe ló ń sùn. Omi ló ń jí i, bó bá sì ti jí, agbára rẹ̀ kì í pẹ́ ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹyin náà ní ihò tíntín kan ṣoṣo tí àtọ̀ ń gbà wọlé. Bí omi bá ti kàn án, kò ní pẹ́ tí ihò náà yóò fi dí.

  

Ẹ yan abo tó ti tó ọdún kan, tó wọn kílò kan sókè, tí ikùn rẹ̀ rọ̀, tó sì tẹ̀ bọ̀kọ̀tọ̀. Ẹ má fún un lóúnjẹ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ẹ rọra tẹ ikùn náà sápá ìdí. Ẹyin tó bá jáde gbọ́dọ̀ dọ́gba, kó máa dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá so mọ́ra, tàbí ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ dá ẹja náà padà. Họ́mọ̀nù kì í dá ẹyin sílẹ̀ níbi tí kò sí; èyí tó ti wà nílẹ̀ ló ń mú pọ́n, tó sì ń tú sílẹ̀. Ẹ má fi akọ àti abo tó jẹ́ ọmọ ìyá kan náà bímọ.

Ìwọ̀n Ovaprim, họ́mọ̀nù tí à ń gún, jẹ́ mílílítà 0.5 fún kílò kan, abo kílò 1.4 yóò gba 0.7. Ẹ gún un sínú ẹran ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹbẹ òkè, kí abẹ́rẹ́ dà díẹ̀ sápá kan, kẹ́ ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ojú ibẹ̀ bẹ́ ẹ bá fà á yọ. Omi ló ń sọ àkókò tí ẹyin yóò ṣeé fún lẹ́yìn abẹ́rẹ́: bó bá wà ní dígírì 25, nǹkan bí wákàtí 11, ní 28, wákàtí 8 sí 10. Ẹni tó gún un ní aago mẹ́wàá alẹ́ nínú omi dígírì 27 tàbí 28 lè yẹ̀ ẹ́ wò láago mẹ́fà àárọ̀. Bí ẹyin kò bá tú jáde wẹ́rẹ́, ẹ má fipá fún un. Bẹ́ ẹ bá sì pẹ́ jù, ẹyin á ti gbó kọjá, ọmọ tó bá jáde nínú rẹ̀ lè wọ́.

Akọ àrọ̀ kì í jẹ́ ká fún àtọ̀ rẹ̀ bí ẹyin, pípa la sábà máa ń pa á. Ẹ la ikùn rẹ̀, ẹ yọ kóró ẹpọ̀n méjèèjì, kẹ́ ẹ nu ẹ̀jẹ̀ kúrò lára wọn. Èyí tó wú, tó funfun bíi wàrà, ló dáa. Ẹ fi bíléèdì gé e, kẹ́ ẹ fún un sínú omi iyọ̀ dírípù (0.9%) tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì. Omi iyọ̀ yìí kì í jí àtọ̀, omi bóhò ló ń jí i.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù rèé. Ẹ fi táwẹ̀lì gbígbẹ nu abo náà, pàápàá ìdí àti lẹbẹ ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì nu ọwọ́ yín. Ẹ wọn abọ́ gbígbẹ, ẹ fún ẹyin sínú rẹ̀, ẹ tún un wọ̀n: gíráàmù kan jẹ́ ẹyin bíi 600 sí 700. Ẹ da àtọ̀ lé e, kẹ́ ẹ fi ìyẹ́ adìyẹ gbígbẹ rò wọ́n pọ̀. Ìgbà yìí ni omi tó wọlé: omi mímọ́ tí ìwọ̀n rẹ̀ tó ti ẹyin. Ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú kan, ẹ ṣàn án, kẹ́ ẹ tètè tẹ́ ẹ sórí kakaban (òwú líle tí ẹyin ń lẹ̀ mọ́) tàbí àwọ̀n, torí ẹyin yóò máa lẹ̀ mọ́ra. Ìpele kan péré ni. Èyí tó bá gorí ara wọn kò ní rí afẹ́fẹ́. Bí omi bóhò yín bá ń pọ́n, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú nínú táǹkì, kí ìpẹtà inú rẹ̀ lè rọlẹ̀.

Lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ, ẹ ka ọgọ́rùn-ún ẹyin, kẹ́ ẹ ka mélòó ló funfun nínú wọn. Funfun yẹn ló máa ń yọ nǹkan bí òwú, tí nǹkan náà á sì mú àwọn tó yè. Bó bá pọ̀, lọ́jọ́ mìíràn ẹ pín ẹyin abo kan sínú abọ́ méjì, kẹ́ ẹ da àtọ̀ akọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lé wọn. Bó bá jẹ́ abọ́ kan ló funfun, ẹ yẹ akọ yẹn wò. Bó bá jẹ́ méjèèjì, ẹ yẹ abo, omi àti táwẹ̀lì yín wò.

Ní dígírì 28, ẹyin tó yè á pa ọmọ láàárín wákàtí 20 sí 24. Ẹ rọra gbé àwọ̀n kúrò pẹ̀lú ìyókù òkú ẹyin. Oúnjẹ inú ẹyin yóò gbé àwọn ọmọ náà fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà ni Artemia (ẹ̀dá tíntín inú omi iyọ̀ tí ọmọ ẹja ń jẹ) yóò wọlé.