Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ Amúnáwá Alátẹ́gùn Sílé

Iṣẹ́ sólà ni mo ń ṣe n'Íbàdàn. Àwọn oníbàárà máa ń bi mí bóyá kí wọ́n fi ẹ̀rọ amúnáwá alátẹ́gùn kún sólà tó wà lórí òrùlé wọn. Mo mọ ohun tó wù wọ́n níbẹ̀: kì í mu epo, ó sì ń ṣiṣẹ́ lóru. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó.

Bí wọ́n bá kọ wáàtì 1,000 sára páálí, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé afẹ́fẹ́ tó lágbára tó wo ló ń mú un jáde. Mítà 12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni ọ̀pọ̀ wọn ń wí. Níbí, àfi tí òjò bá fẹ́ rọ̀ lèèyàn ń rí irú ẹ̀. Bí eré afẹ́fẹ́ bá sì dín kù sí ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́jọ iná yẹn ló máa kù. Ẹ̀rọ tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 2, tí afẹ́fẹ́ mítà 3 ń fẹ́ sí, nǹkan bíi wáàtì 15 ló máa mú wá, ìyẹn gílóòbù méjì. Bó tiẹ̀ yí tọ̀sántòru, páńẹ́lì wáàtì 400 kan tó rí oòrùn gidi fún wákàtí mẹ́rin á mú ju ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ lọ.

Ẹ wọn afẹ́fẹ́ yín. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn eré afẹ́fẹ́, èyí tó ń tọ́jú nọ́ńbà fúnra rẹ̀, kí ẹ so ó mọ́ orí òpó gíga láti ìgbà ọyẹ́ wọ ìgbà òjò. Ẹ so aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan mọ́ òpó náà pẹ̀lú. Bí aṣọ bá na tàntàn, ó dára. Bó bá ń lọ́ mọ́ra, tó ń jù sókè jù sódò, igi máńgòrò àti ilé aládùúgbò ti da afẹ́fẹ́ yín rú. Òpó yín gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi mítà 9 ga ju gbogbo ohun tó wà ní mítà 150 yí i ká. Ẹ ṣírò owó irin, kọnkéré àti wáyà ààrá mọ́ ọn. Ẹ má gbé e sórí òrùlé, á máa gbọn ilé.

Ẹni tó ní ilẹ̀ gbalasa létí òkun ní Badagry, mo lè bá a dámọ̀ràn rẹ̀, bí iyọ̀ òkun tiẹ̀ ń jẹ irin.

Bí ẹ bá rà á, ẹ má lo kọ́ńtírólà sólà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń darí iná wọnú bátìrì, fún un. Bí bátìrì bá kún, sólà á kàn dákẹ́. Ẹ̀rọ alátẹ́gùn tí kò rí ibi gbé iná sí á máa sá eré àsápajúdé títí abẹ̀bẹ̀ á fi fọ́. Tiẹ̀ lọ́tọ̀ ni kí ẹ rà, èyí tó ní ibi tí iná àṣẹ́kù ń gbà lọ.