Omi Tó Dúró Sójú Kan: Ìrírí Mi Nípa Fífọ Cooling Tower

Mo ṣí ìlẹ̀kùn cooling tower, ìyẹn ẹ̀rọ ńlá tó ń fi fáǹ tu omi tó ti gbóná lára, tó wà lórí òrùlé ilé tí mò ń bójú tó, mo fọwọ́ kan ara inú rẹ̀, ó ń yọ̀. Àyà mi já. Inú ohun tó ń yọ̀ bẹ́ẹ̀, àti inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ omi, ni kòkòrò àrùn tó ń jẹ́ Legionella ti ń rí ibi sá sí, tó sì ń pọ̀ sí i. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, láàárín 20 sí 45 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ló bá a lára mu, bẹ́ẹ̀ sì ni omi inú cooling tower sábà máa ń rí.

Kì í ṣe pé èèyàn gbọ́dọ̀ mu omi náà. Fáǹ ló ń fẹ́ ẹ jáde bí ìrì, tí afẹ́fẹ́ á sì gbé e lọ bá ẹni tí kò wọ ilé náà rí. Ẹni tó bá fà á símú lè ní òtútù àyà tó le gan-an. Ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn tó ti ṣe ológun rí, tí wọ́n ń pè ní American Legion, ní Philadelphia nílẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́dún 1976, ni àìsàn náà ti gba orúkọ rẹ̀, Legionnaires' disease. Àìsàn náà kọlu ọ̀pọ̀ lára wọn, àwọn kan sì kú; 1977 ni wọ́n tó rí kòkòrò tó fà á.

Nítorí náà, fáǹ ni mo kọ́kọ́ pa. Mo jẹ́ kí pọ́ǹpù máa ṣiṣẹ́, kí chlorine tí mo dà sínú omi lè yí ká. Lẹ́yìn náà ni mo fa omi dànù, mo fi ìbòmú bo imú dáadáa, mo fi búrọ́ọ̀ṣì fọ gbogbo ibẹ̀. Ẹnìkan ní kí n lo ẹ̀rọ tó ń fi agbára tú omi, ó ní yóò tètè tán. Mo kọ̀; ìrì tí mò ń sá fún gan-an ni ẹ̀rọ yẹn yóò dá sílẹ̀. Mo pààrọ̀ ike méjì tó ti fọ́ lára àwọn tó ń gba ẹ̀kán omi lókè kó tó bá fáǹ jáde.

Mo bu omi ránṣẹ́ síbi àyẹ̀wò, nínú ìgò tí wọ́n ti fi kẹ́míkà tó ń pa agbára chlorine sí, kí chlorine má bàa máa pa kòkòrò lójú ọ̀nà kí èsì sì parọ́. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan kí èsì tó dé. Kòkòrò ṣì wà níbẹ̀!

Inú bí mi. Gbogbo làálàá yẹn! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ páìpù lọ́kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Pọ́ǹpù kejì, èyí tí a fi pamọ́ de ọjọ́ tí ti àkọ́kọ́ bá bàjẹ́, kò ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan. Omi dúró sójú kan nínú páìpù rẹ̀, chlorine kankan ò dé ibẹ̀. Páìpù kan tún wà tó lọ síbi ẹ̀rọ tí wọ́n ti yọ kúrò tipẹ́. Wọ́n kàn dí ẹnu rẹ̀ ni. Mo ní kí wọ́n gé e kúrò láti ìdí. Mo tan pọ́ǹpù kejì, mo sì tún da chlorine sí i.

Nínú èsì kejì, wọn ò rí kòkòrò kankan. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni mò ń jẹ́ kí pọ́ǹpù méjèèjì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn báyìí, mo sì ti kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti ń tàn wọ́n.