Bí ìka mi ṣe jáwọ́ nínú eré sísá lórí gìtá

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Ísánlú, bí wọ́n bá ti ní kí n dá gìtá ta, ìka mi á kàn máa sáré gòkè sọ̀kalẹ̀ lórí ohùn márùn-ún kan náà: G, A, B, D, E. Onílù wa ní, "Ẹ̀gbọ́n, eré lẹ̀ ń sá, ẹ ò sọ̀rọ̀." Ó dùn mí, àmọ́ òótọ́ ni.

Mo gba kọ́ọ̀dù G, C àti D (kọ́ọ̀dù ni ohùn mélòó kan tí à ń ta pa pọ̀) sórí fóònù, mo wá ń ta ohùn kan ṣoṣo tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan lé e. G dé, mo bà lé B. C dé, E. D dé, F♯ (F ṣáàpù), tí kò tiẹ̀ sí nínú márùn-ún àtijọ́ yẹn. Ibẹ̀ ló ti ń dùn jù. Ní báyìí, ohun tí mi ò bá lè fẹnu kọ, mi ò ní ta á.